Kẹ́hìndé Aránṣọ Tó Kọjú sí Ṣọ́ọ̀bù Rẹ

Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Inú páálí tí mo fi okùn pupa dì ni wàá ti rí lẹ́tà yìí, láàárín àwọn ìwé ìṣirò. Tí ẹnikẹ́ni bá wà lọ́dọ̀ rẹ, kọ́kọ́ dá a lóhùn. Tó bá lọ tán, pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, jókòó, kí o tó kà á. Má kà á ní ìta. Má kà á níbi tí ẹni tó ń ránṣọ ní òdìkejì ọ̀nà ti lè rí ojú rẹ.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e láti àná. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí o bá ti pe "Màámi" báyìí, màá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O mọ̀ mí. Ẹnu mi kò yá, ọwọ́ mi ló yá.

Ẹ̀rù ń bà mí, Sídíkátù. Kì í ṣe ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ìgbà tí o ti sọ pé o fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ ní Ẹrúwà. Ìyẹn, o ti gbọ́ ọ títí ó fi sú ọ: kí ọlọ́kadà má sáré, kí o má gbé páálí lé itan lórí ọ̀kadà, kí o ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí o tó ti tiwájú. Gbogbo ìyá ló ń bẹ̀rù ìyẹn. Èyí tó dé bá mi lánàá, èmi fúnra mi ni mo gbìn ín, nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹrin ní pámárì, ó sì ti hù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ.

O ń rẹ́rìn-ín nígbà tí o pè mí lánàá. O ní àwọn ṣẹ́ẹ̀fù ti dúró, pé Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa ṣí. O wá ní, "Màámi, ẹ ò lè mọ ẹni tó kọjú sí mi! Ọmọ Igbó-Ọrà ni o. Àǹtí Kẹ́hìndé, aránṣọ. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọge, kò sẹ́ni tó ṣe dáadáa sóun bíi tiyín. Ìrẹsì ẹ̀ ni mo jẹ lọ́sàn-án yìí. Ó ní òun ò lè gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ yín láéláé."

Mo ní, "Alihamudulilahi." Mo ní kí o bá mi kí i. Mo sì ju fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Màá sọ ohun tí mo ṣe sí Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n kí o tó pè lánàá, mo ti kọ àwọn ìmọ̀ràn iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣòfò. Bóyá mò ń sá fún ọ̀rọ̀ náà ni. Jẹ́ kí n sá díẹ̀.

Èkínní. Má ṣe jẹ́ kí ìwé fara kan ògiri. Ní ọdún kejì tí mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo to ìwé kéú mọ́ ògiri torí pé mo rò pé símẹ́ńtì ni, kí ni ikán fẹ́ fi símẹ́ńtì ṣe? Ní ọjọ́ kan Ààfáà kan wá ra méjì. Mo fa ọ̀kan yọ. Ẹ̀yìn ìwé náà ń dán, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ geerege, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ kí n lè máa rò pé mo ní ìwé. Torí náà fi àyè tó gba apá rẹ sílẹ̀ láàárín ṣẹ́ẹ̀fù àti ògiri. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, fa ìwé ìsàlẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ń dán lójú, gbé e wò lọ́wọ́.

Èkejì. Má lé ẹni tó ń ka ìwé láìrà á. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀rá di gbogbo ìwé mi kí ẹnikẹ́ni má baà kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ́ tónítóní. Kò sì sẹ́ni tó rà wọ́n. Bàbá Tíṣà ló wọlé lọ́jọ́ kan, tó bi mí pé, "Ìyá Sídí, ta ló ń ra iṣu láìgbé e wò?" Ìtìjú ni mo fi tú ọ̀rá ìwé atúmọ̀-èdè ńlá yẹn fún wọn. O mọ èyí tó kù níbẹ̀: láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á wá dúró tì í, ojú ewé kan lóòjọ́.

"Mo ti dé lẹ́tà K," ni wọ́n máa ń kígbe. "Ẹ má tà á o! Tẹ́ ẹ bá tà á kí n tó parí ẹ̀, ẹ ti lé mi kúrò níléèwé nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú rà á, kẹ́ ẹ máa kà á nílé."

Wọ́n ní, "Tí mo bá rà á, kí ni màá sọ pé mo ń wá ṣe níbí?"

Ẹnì kan báyìí máa wà fún ọ ní Ẹrúwà. Ra àga sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀kẹta ni orin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń sún mọ́ mi.

O mọ rédíò mi, èyí tí eríà rẹ̀ ti kán tí a fi wáyà so. Ó ti wà kí o tó dáyé. O mọ̀ pé ọdún tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo lóyún rẹ, pé ikùn mi ń kan tábìlì nígbà tí mo ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí ilé ìwé gíga. Èmi gbé tábìlì báírò àti ìwé àkọsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ géètì ilé ìwé kan náà tí mo ti jáde. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, rédíò wà lábẹ́ tábìlì. Ohùn àwọn obìnrin tó ń kọ wákà ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí àwọn tó ń kọjá ń sọ nípa mi.

Títí dòní, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó òwúrọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Màá wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gun ìwé, màá gbálẹ̀, màá wá tan rédíò. Bí gòjé sákárà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọwọ́ mi á máa to ìwé tẹ̀lé e, pẹlẹbẹ mọ́ pẹlẹbẹ, gbàǹgbà mọ́ gbàǹgbà. Tí mo bá ń ṣí ìwé tuntun láti wò ó bóyá ojú ewé kan kò sí, ìró fìrìrì tí bébà ń ṣe á bọ́ sínú orin náà bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá á gbè é láìmọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ayọ̀ tí mo ní nìyẹn. N kò ní òmíràn tó tó o lẹ́yìn rẹ.

Wọ́n á bi ọ́ ní Ẹrúwà pé ṣé ṣọ́ọ̀bù ìwé ni àbí ilé ọtí. Rẹ́rìn-ín, má sì pa rédíò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè ohun tó kan ayé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, pa á. Má wulẹ̀ dín in kù. Pa á pátápátá.

Ọdún tí mò ń wí yẹn, tí o wà ní kíláàsì kẹrin, ni mo ra kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ tẹ ìwé pélébé tó ń sọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí wọ́n ti máa ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Màá fi ti oníkálukú sínú àpòòwé, màá kọ orúkọ sí i, màá tò ó sínú àpótí bàtà kan títí wọ́n á fi wá gbà á. Orúkọ tí mò ń kọ náà ló jẹ́ àṣìṣe. Bí a ṣe ń pe ara wa nílé ni mo ń kọ ọ́: "Táíwò, ọmọ Ìyá Ìbejì." "Kẹ́hìndé, ọmọ Ìyá Ìbejì." Ní ìlú wa yìí! Ní ìlú tí ènìyàn mẹ́ta á wẹ̀yìn tí o bá ké "Kẹ́hìndé!" lójú pópó. Ojú ni mo fi ń dá wọn mọ̀. N kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n kò ní rí ojú.

Kẹ́hìndé tó wà níwájú rẹ yẹn jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ti kó gbogbo ilé lọ wú ẹ̀gẹ́ ní abúlé oko kan lẹ́yìn Ìdèrè, níbi tó jẹ́ pé àfi kí ènìyàn gun àpáta kí fóònù tó mú. Ó pè mí lọ́jọ́ Àìkú, agogo méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń kọ orin àtijọ́ lórí rédíò. Wákà kan ń lọ lọ́wọ́ tí n kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti wà níléèwé. Mo ti di ojú, mo gbé orí lé ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́hìndé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọjọ́ ìdánwò mi, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ."

Mo na ọwọ́ sínú àpótí, mo fa Kẹ́hìndé àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bà. Mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ketekete: Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán, ní Ìbàdàn.

"Ṣé ó dá yín lójú, Àǹtí? Ẹ̀gẹ́ pọ̀ nílẹ̀, bàbá mi ò ní jẹ́ kí n kúrò níbí títí di Jímọ̀."

"Ó dá mi lójú. Àbí mi ò mọ̀wé kà ni?"

Bí mo ṣe kanra mọ́ ọn nìyẹn, torí pé orin ti fẹ́ parí.

Kẹ́hìndé méjì ló wà nínú àpótí, Àbẹ̀kẹ́. Èyí tí mo kà jẹ́ ti ọmọ aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ aláta wá gba tirẹ̀, mo fún un ní àpòòwé, ó ṣí i, ó ní, "Àǹtí, tèmi kọ́ nìyí o. Orúkọ bàbá mi kọ́." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọ orí àpáta ni. Ọjọ́rú ni wọ́n kọ síbẹ̀, agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ọjọ́rú sì ti kọjá. Mo jókòó sórí páálí.

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, tààrà láti oko. Erùpẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di irun tuntun fún ìdánwò. Mo na àpòòwé sí i. Ó kà á. Ó tún un kà. "Àǹtí, Ọjọ́rú ni wọ́n kọ síbí."

Mo ti ní odindi ọjọ́ kan láti ronú ohun tí màá sọ. Mo ní, "Wọ́n yí i padà ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí o pè ni wọ́n yí i. Mo pè ọ́ títí, fóònù rẹ ò lọ."

N kò pè é lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù títí dòní nìyẹn, bó ṣe yá a lára láti gbà mí gbọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, Àǹtí. Ẹ gbìyànjú."

Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lòun ṣèlérí ìdánwò fún un, òun sì ti mú ìlérí òun ṣẹ. Tí kò bá bọ́ sí i, a jẹ́ pé Ọlọ́run kò kọ ọ́ mọ́ ọn. Kí oṣù náà tó parí, ó ti fà á lé aránṣọ kan lọ́wọ́. Láti ìgbà náà títí ó fi lọ sílé ọkọ ní Ẹrúwà, tó bá ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, màá pè é, màá fún un ní ìwé ìtàn, màá fún un ní báírò, màá fún un ní ìwé tó máa ya àwòrán aṣọ sí. "Àǹtí, ẹ kì í gbàgbé mi," ni yóò máa wí. Dáadáa tó ń ròyìn fún ọ nìyẹn. Ẹ̀bi ni. Ẹ̀bi tí mo fi ọ̀rá dì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tiwa yàtọ̀. Èmi tí mo ṣu ni kò gbàgbé; ẹni tó ń kó o kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣu ú.

Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè kan tí n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ: ṣé mo jowú rẹ̀ ni? Ó ń lọ síbi tí n kò lè lọ. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fa àpòòwé yẹn yọ, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń purọ́ fún un, ara mi balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. N kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mò ń kọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ irú ẹni tó bí ọ. Má rò pé ìwọ lo dí mi lọ́nà yunifásítì. Ìwọ kọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn dé ibi tí mo dé.

Odindi ọdún kan ni n kò fi tan rédíò. Mo di ẹ̀bi náà lé orin lórí. Bàbá Tíṣà ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Sídí, ṣé ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ni? Ibí yìí dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí ìwé ṣe ń mí." Mo rẹ́rìn-ín, mo tan rédíò náà padà. Orin gbà mí lọ́kàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin kọ́ ló purọ́.

Ibi tí mo kọ ìmọ̀ràn dé kí o tó pè nìyẹn, ẹ̀kẹta. Àwọn tó kù yìí, òní ni mo ń kọ wọ́n.

Orúkọ mẹ́ta ni kí o máa kọ sí ohunkóhun tí o bá bá ènìyàn tọ́jú: tirẹ̀, ti bàbá rẹ̀, àti ti agboolé rẹ̀. Má gbára lé ojú. Jẹ́ kí ẹni náà kà á sókè níwájú rẹ kó tó lọ.

Tí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, bóyá bàbá rẹ̀ ì bá bú mi, bóyá ì bá fọ́ kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n ì bá mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ti Ọlọ́run. Bóyá ì bá gbà kó tún un ṣe lọ́dún kejì. "Bóyá" yẹn ni mò ń rò láti àná.

Wàyí o, gbọ́ bí o ó ṣe ṣe. Má sọ fún un. Ẹrù mi ni, o kò gbọdọ̀ bá mi rù ú. Tó bá tún bu oúnjẹ fún ọ kí n tó dé, má jẹ ẹ́, má sì purọ́ pé ò ń gbààwẹ̀. Irọ́ kan ti tó nínú ìdílé yìí. Sọ fún un pé ìyá rẹ ń bọ̀, pé ó ní kí o dúró de òun. Òótọ́ ni.

Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rò ó pé kí n dákẹ́. Ó lè pé ogún ọdún kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí ìwọ nìkan jókòó síwájú rẹ̀, tí ìrẹsì rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ. Àwọn Kẹ́hìndé méjèèjì yẹn ṣì mọ ara wọn. Wọ́n kàn lè pàdé níbi ìsìnkú kan, kí ọ̀kan wí fún èkejì pé, "Ọjọ́ kan àǹtí oníwèé yẹn gbé ìwé ìdánwò tìẹ fún mi."

Ohun tí mo ń bẹ̀rù kò kéré. Ó lè sọ fún gbogbo àdúgbò kí o tó ta ìwé kan. Àwọn òbí lè ní àwọn kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ ọmọ irú ìyá báyìí. Ó lè kọ̀ láti máa wo ojú rẹ, kí ẹ sì jọ máa kọjú síra yín láràárọ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo rẹ̀. Tí o bá ní láti kó ìwé rẹ padà wálé, àyè rẹ wà níbí, n kò sì ní sọ pé kí o má bínú sí mi.

Kí Ọlọ́run má fi ohun tí mo ṣe dí ọ̀nà rẹ. Kó fún ọ ní etí tó ń gbọ́ ènìyàn ju bí tèmi ṣe gbọ́ lọ. Kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ jáde pẹ̀lú ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Tí o bá rí mi tí mo sọ̀ lórí ọ̀kadà ní Ọjọ́bọ̀, má jáde wá pàdé mi. N kò ní kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ rẹ. Òdìkejì ni mò ń lọ. Tí o bá rí i tó dìde, tó dì mọ́ mi, tó gbé àga fún mi, mọ̀ pé n kò tíì sọ ọ́. Tí o bá wá gbọ́ tó pariwo, Àbẹ̀kẹ́, má sáré wá. Má wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó pariwo.

Ìyá rẹ ni.